Tẹ́tẹ́ Iwájú Ilé Ìgbìmọ̀

Sókótó, 1956. Òjò ti ṣú dùdù lókè Kofar Rini, ẹnubodè ìlú.

Nínú ilé ìgbìmọ̀, wọ́n ṣì ń fa ọ̀rọ̀: kí ìlú gba owó orí lọ́wọ́ àwọn atatẹ́tẹ́, àbí haráámù ni?

Àríyànjiyàn àwọn baba yìí ti sú mi. Ètò ìnáwó ò kọjá. Kò sówó oògùn, kò sówó tí wọ́n á fi tún amọ̀ ilé ìgbìmọ̀ fúnra ẹ̀ rẹ́.

Mo ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi, Silas, akọ̀wé wọn.

Àwọn atatẹ́tẹ́ jókòó síta, wọ́n jìnnà sí ògiri.

Mo bi Àlíyù, ọ̀gá wọn: "Apá wo lẹ fowó lé, àwọn tó gbà àbí àwọn tó kọ̀?"

Kò wò mí lójú. "Ìyá Adétóun, a ò fowó lé èèyàn."

Òjò kán sí mi lápá.

"Ọjọ́ tí òrùlé amọ̀ yẹn máa wó la fowó lé. Òní lèmi mú."