Ihò Tí Reino Kò Fi Wáyà Gún

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má kọ́ mi." Kò gùn. Kọfí yín ò ní tíì tutù tí ẹ ó fi kà á tán.

1.
Reino Salmela, aládùúgbò wa létí adágún Superior ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ràn Aune ìyàwó rẹ̀ dọ́ba. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán òun létí ohunkóhun.

Urho, bàbá Aune, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń pẹja. Lọ́dọọdún, tí yìnyín bá ti yọ́ tán, bàbá ló máa ń wa ọkọ̀ náà lọ sídìí àpáta ńlá kan tí àwọn ẹyẹ funfun máa ń bà lé, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ olóògbé ti jọ ń pẹja. Ìrìn ọjọ́ yẹn ni bàbá máa ń rò tí ìgbà òtútù fi ń kọjá lórí rẹ̀.

2.
Òtútù ibí kì í ṣeré. Bí omi tó ń mú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tutù bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, á dì, á wú, á sì la irin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tú u dà kí òtútù tó dé.

Lọ́dún yẹn, Reino fi í falẹ̀ títí ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ àgbọ̀nrín fi ku ọ̀la. Gbogbo ọkùnrin ìlú ti ń di ẹrù lọ sígbó, òun ṣì wà nídìí ẹ́ńjìnì. Ó tú ìdérí ihò tí omi ń gbà jáde. Omi kán tó, tó, ó dáwọ́ dúró.

"Fi wáyà gún ihò yẹn, Reino," ni Urho wí. "Iyanrìn lè ti dí i."

"Bàbá, ó ti gbẹ."

"Ẹ́ńjìnì tó gba omi tó kún korobá, ẹ̀kán méjì ló jáde, o ní ó gbẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá! Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é!"

Aune dá sí i. "Olówó orí mi, ká ní o ti ń gún un látìgbà tó o ti ń jiyàn, o ò bá ti ṣe tán."

Reino rẹ́rìn-ín, ó dé ihò náà padà, ó gbé ìbọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó pa àgbọ̀nrín kan. Ẹ jẹ́ ká yìn ín fún ìyẹn.

3.
Nígbà tí yìnyín yọ́, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo ẹ́ńjìnì yọ wò. Omi ti dà pọ̀ mọ́ epo, ó dà bíi kọfí tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ó fi iná wo ẹ̀gbẹ́ irin, ó rí i tó là gbọọrọ. Ó jókòó sílẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" bàbá bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó... ó ti gbó ni, Bàbá."

Irọ́ ni.

Irú ẹ́ńjìnì yẹn ti wọ́n. Ṣùgbọ́n bulọ́ọ̀kù rẹ̀, irin ńlá tó là náà, àti ti ọkọ̀ akẹ́rù Reino, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù tí Reino máa ń fọ̀ ju ara rẹ̀ lọ! Ó tú u palẹ̀, ó yọ bulọ́ọ̀kù rẹ̀, ó wá ń to ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi sí i lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kẹfà lọ, oṣù Keje lọ. Bàbá jókòó sórí korobá tó dojú dé, ó ń bá a di nọ́ọ̀tì mú, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, bàbá pe ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. "Aune, ta ló paná?"

Oòrùn ti yọ. Ó kún inú ilé.

Dókítà ní ojú bàbá kò ní ríran mọ́.

4.
Ìgbà yẹn ni Reino wá ń kánjú. Sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ti bàjẹ́, òmíràn á pẹ́ kó tó dé, ó bá mú ti ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó fẹ́ dè é mọ́ ọn. Bàbá fọwọ́ bà á wò.

"Yọ ọ́. Lójú títì, atẹ́gùn á gbé òórùn epo bẹntiróòlù lọ. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí. Sítátà ọkọ̀ akẹ́rù yìí ń ta iná síta. Ṣé o fẹ́ sun ọmọ mi ni?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tètè dé ìdí àpáta yín ni, Bàbá!" Reino bú sẹ́kún. "Mi ò gún ihò yẹn. Èmi ni mo ba ẹ́ńjìnì yín jẹ́."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. "Ojú mi ṣì ń ríran nígbà yẹn."

Ó na ọwọ́ títí ó fi bá orí Reino. "Nu imú ẹ. Ká dúró de èyí tó yẹ."

5.
Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó gbé ọkọ̀ sómi. Ẹ́ńjìnì dún dáadáa. Ọwọ́ bàbá wà lórí ìtọ́kọ̀, ọwọ́ Reino wà lórí tirẹ̀. Wọ́n dé ìdí àpáta.

"Ṣé àwọn ẹyẹ wà níbẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀, Bàbá."

"Ṣé wọ́n ṣì funfun?"

"Wọ́n funfun, Bàbá."

Bàbá kọjú síbẹ̀. Aune kọ̀yìn sí wọn, ó ń sunkún.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Tí òtútù bá ń bọ̀, kó o gún un."

Reino kò dúró di àsìkò ọdẹ. Lọ́sẹ̀ kejì ó tú ìdérí, ó fi wáyà gún ihò ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bàbá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, omi ń ṣàn lé e títí ó fi dá. "Ó tán wàyí," ni bàbá wí, ìgbà náà ni Reino tó dìde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irin là, Reino rí irin mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ojú tí bàbá ì bá fi rí àpáta rẹ̀ lọ́dún yẹn, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tí a lè tú tí a ó bá a níbẹ̀. Nítorí náà, tí àgbàlagbà bá ní kẹ́ ẹ gún un, ẹ gún un. Ìṣẹ́jú kan ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.