Ọkọ̀ Kẹta Tí Wọ́n Yẹ̀ Wò

Ọkọ̀ kẹta nìyẹn, wọ́n sì ti ta ilé. Ẹni tó ra ilé ti sọ pé òun yóò kó wọlé kí oṣù tó parí. Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ló fẹ́ kí òun àti ìyàwó òun máa gbé inú ọkọ̀ onígbòkun, kí wọ́n máa ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn títí ara yóò fi sọ pé ó tó. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, kò sì mọ̀wẹ̀. Ó ti gbà láti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pamọ́.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Kí Baba Olóòlù sọ pé pákó ọkọ̀ náà dá ṣáká. Tó bá ti sọ ọ́, màá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wọlé, màá sì pa ẹnu mi mọ́."

"Ìwọ, pa ẹnu mọ́? Màá ra ọkọ̀ lónìí nìyẹn, kó tiẹ̀ jẹ́ apẹ̀rẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín.

Baba Olóòlù ni wọ́n ń bẹ̀ ní èbúté kí ó bá wọn yẹ ọkọ̀ àlòkù wò kí wọ́n tó rà á. Òòlù kékeré kan ni ó fi ń gbá pákó ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pákó tó le a dún kọ́. Èyí tó ti jẹrà nínú a dún bọ̀, bí ó ti wù kí ọ̀dà ara rẹ̀ dán tó. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó ṣì òun lọ́nà rí. Kì í gbé fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí o fi ránṣẹ́ sí i. Ó sì ní òfin tirẹ̀: ẹni tó ń ta ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró síwájú rẹ̀ nígbà tó bá ń gbá pákó, kí ẹnikẹ́ni má sì bá ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni ó máa ń wí.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dán bí awo tuntun. Baba gbá a títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó dúró, ó ní, "Ẹ ti kun ọ̀dà bo nǹkan níbí." Ọkùnrin tó ń tà á ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ní ọkọ̀ kejì, ìdí òpó ìgbòkun ni Baba ti dúró. Ó fi ọ̀bẹ gún un, ọ̀bẹ sì wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì tí omi ti rin. Láti ọjọ́ yẹn ni aránṣọ ti gbà pé ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni ẹ̀mí àwọn wà.

Opó kan ló ni ọkọ̀ kẹta. Wọ́n ti gbé e jáde kúrò nínú omi, wọ́n fi igi tì í lọ́tùn-ún lósì. Bàtà òde ni opó náà wọ̀ wá, ó sì béèrè ibi tí wọ́n ń gbà gòkè.

"Ọkọ mi tó kú lọ́dún tó kọjá ló ni ín," ó wí. "Èébì ló máa ń gbé mi tí mo bá ti rí omi tó ń rú. Mi ò wọ inú rẹ̀ rí, kí n má parọ́ fún yín."

Ó dúró síbi tí Baba ní kó dúró sí. Baba gbá ìta ọkọ̀ tán, ó bọ́ sínú, ó ní kí opó náà wọlé wá dúró síwájú òun. Aránṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fetí sí i. Kọ́, kọ́, kọ́. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí àwọn méjèèjì yóò máa sùn sí, òòlù dún bọ̀.

"Baba, ṣé ẹ gbọ́ yẹn?"

Baba kò dáhùn. Ó ti bọ́ sórí pákó tó tẹ̀ lé e.

"Jẹ́ kí àgbàlagbà ṣiṣẹ́ jàre," Tíṣà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tí ìwọ bá ń ránṣọ lọ́wọ́, ta ló jẹ́ yọ ẹ́ lẹ́nu?"

Nígbà tí Baba yíjú padà, aránṣọ bọ́ síwájú rẹ̀.

"Baba, ẹ má bínú. Ibì kan dún yàtọ̀."

"Níbo?"

Ó fi hàn án. Baba kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì lé pákó náà, ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbójú sókè wo opó náà. Opó náà ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀.

"Táńkì omi ló wà lẹ́yìn ibẹ̀," ni Baba wí. "Ohun tó ní omi nínú kì í dún bí èyí tí kò ní. Ọkọ̀ yìí dá ṣáká, ìyá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Aránṣọ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún díẹ̀, nítorí ìdààmú oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti fi ń wá ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́rùn rẹ̀ ni.

Baba kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkọ̀ ti wà lórí omi, ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, wọ́n sì ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé ẹni tó ra ilé lọ́wọ́. Láàárọ̀ kùtù, Tíṣà ta ìgbòkun. Nígbà tí ilẹ̀ ti jìnnà lẹ́yìn wọn, aránṣọ dùbúlẹ̀, oorun gidi sì gbé e lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti ta ilé.

Láàárọ̀ yẹn kan náà, nínú ilé kan lẹ́yìn èbúté, ìyàwó Baba Olóòlù pa iná yàrá, ó tún un tàn, kí ọkọ rẹ̀ lè gbójú sókè wá jẹun, nítorí láti ọdún mẹ́ta tí etí rẹ̀ méjèèjì ti di pátápátá, kì í ṣe pákó ni ó ń fi òòlù náà yẹ̀ wò mọ́, bí kò ṣe ojú ẹni tó ń ta ọkọ̀.