Ibi Tí Ọ̀gá Ń Sùn

"Nínú èmi àti Ọ̀gá, ta ni yóò kúrò nílé?"

Kékeré, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló béèrè bẹ́ẹ̀, bí dókítà ṣe ń gbé ohun tó fi gbọ́ àyà rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ ìwé ara ògiri tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fọ ọwọ́.

Ohun tí dókítà sọ kò lọ́jú pọ̀. Irun ajá ló ń dí ọmọ náà ní èémí, òun ló mú kí àyà rẹ̀ máa fọn bíi fèrè lóru. Ọmọ àti ajá kò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èémí náà á jáde tí kò ní padà.

Ìyá gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Kò tún gbọ́ òmíràn títí wọ́n fi délé.

Ọ̀gá dìde pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ajá ni, ṣùgbọ́n àlejò tí kò bá mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ rò pé ọmọ màlúù ni. Ó wúwo ju ìyá lọ. Bó bá dúró, orí rẹ̀ ga ju tábìlì ìjẹun lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń gbé abọ́ kalẹ̀ kó yíjú. Ìrù rẹ̀ ti fọ́ ife méje. Bàbá mú un wálé kó lè máa lé olè. Láti ìgbà náà, gbogbo ilé ló ń ṣọ́ ọ. Bí òun àti bàbá bá sì jáde láàárọ̀, àwọn ará àdúgbò á dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, o káre o, o tún mú bàbá jáde lónìí."

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ẹranko wá tẹ ìbàdí Ọ̀gá wò.

"Ẹ fẹ́ gbé e síta? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Méje," bàbá dáhùn.

"Àwọn tó tóbi báyìí kì í pẹ́ darúgbó. Bàbá àgbà lẹ ń wò yìí. Ìbàdí ti ń dùn ún. Kò gbọdọ̀ sùn sórí nǹkan líle, òtútù kò gbọdọ̀ kàn án. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ má ṣí i nípò. Ìbànújẹ́ ló ń pa irú wọn."

Bàbá fa imú. "Ọdún kẹrin rèé tí ìbàdí èmi náà ti ń dùn mí."

"Bàbá Kékeré, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí dókítà ń sọ."

Ní gbogbo ìgbà yìí, Kékeré ti fọwọ́ méjèèjì di ọrùn ajá náà mú. Ó ní ibi tí wọ́n bá gbé Ọ̀gá lọ, kí wọ́n máa gbé òun náà lọ síbẹ̀. Ìyá rọra tú u lára rẹ̀, ó lọ fọ ojú àti ọwọ́ ọmọ náà.

Wọ́n rò ó sọ́tùn-ún, wọ́n rò ó sósì. Bàbá ní kí wọ́n gbé ajá náà fún ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ padà pé òun fẹ́ràn àbúrò òun, àmọ́ kò dé bẹ̀. Lóru ọjọ́ yẹn, ìyá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó ń gbọ́ fèrè. Ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pe káfíńtà.

"Ilé pákó ni mo fẹ́, níbí, lẹ́yìnkùlé. Kó má jò rárá."

"Mo ti rí ajá yín, màmá." Káfíńtà fa okùn ìwọ̀n yọ. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin á tó gíga rẹ̀."

"Ṣe é ní méje."

"Ṣé ó ṣì ń dàgbà ni?"

"Ṣáà ṣe é ní méje. Fèrèsé méjì, kí o fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Kí ibi tí a ti ń ti ilẹ̀kùn sì wà nínú."

"Nínú?"

"Nínú ni mo wí."

Káfíńtà wo Ọ̀gá. Ọ̀gá wo káfíńtà, itọ́ ń kán tó-tó-tó lẹ́nu rẹ̀.

"Ajá tó lóye," káfíńtà ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, bí wọ́n ṣe ń kan òrùlé mọ́ ọn, obìnrin ilé kejì na ọrùn wò wọ́n láti òkè ọgbà.

"Ìyá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Bí ẹ bá ń wá ayálégbé, ẹ rántí mi."

"Kò sáyè mọ́," ìyá dáhùn. "Ó ti kún."

"Ajá kan ṣoṣo yìí náà?"

Ìyá ti wọlé lọ wá aṣọ fèrèsé.

Nígbà tó di alẹ́, bàbá mú Ọ̀gá rìn yí ilé ká, ó nu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé ọrùn. Kékeré dúró lókèèrè juwọ́ sí i. "Ọ̀gá, ó dàárọ̀ o. Má bẹ̀rù." Ìyá tún wẹ̀ fún ọmọ náà, ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí àárín òun àti bàbá. Kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Kékeré, òtútù ò ní mú un?"

"Kò ní mú un."

"Bó bá ń sunkún ńkọ́?"

"A ó gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó."

"Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń hanrun. Ẹ jẹ́ kí n ráàyè na ẹsẹ̀."

Ìyá gbé etí lé àyà ọmọ rẹ̀. Èémí ń lọ, èémí ń bọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Fèrè kankan kò dún níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ka igba, ó gbàgbé ibi tó kà dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ibẹ̀ ni oorun ti gbé òun àti ọkọ àti ọmọ lọ, nínú ilé pákó ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí Ọ̀gá nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì wọn nínú ilé, ìrọ̀rí bàbá lábẹ́ ìbàdí rẹ̀.