Nọ́ọ̀tì Etí Fèrèsé

Ohun tó gbé Wúràọlá wá sí ṣọ́ọ̀bù Sànúsí ní Òkìtìpupa kò ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Irin dídán ni, ọ̀ṣọ́ tó yí fèrèsé ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ ká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tú, ó sì ń lu ara mọ́tò láti Ìrẹ̀lẹ̀ títí dé ibẹ̀.

Ìgbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Opó ni Wúràọlá, epo pupa ni ó ń tà. Mọ́tò tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó fi ń kó epo, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń wà á. Àwọn ènìyàn a máa dúró wò ó.

Sànúsí yọ rọ́bà etí fèrèsé, ó fi ìka wá nọ́ọ̀tì tó di irin náà mú. Nọ́ọ̀tì yìí kì í dúró lójú kan. Inú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára férémù ni ó wà. A óò máa tì í síwá, tì í sẹ́yìn, títí yóò fi bá ihò tí ó yẹ kó bá, kí a tó fi etí rẹ̀ méjèèjì yí i le. Inú mọ́tò ni etí méjèèjì kọjú sí. Sànúsí tì í bọ̀ sípò, ó yí i le, ó dá rọ́bà padà.

Ó ti di ọdún kẹfà tí ìyàwó Sànúsí ti kú. Sàrátù ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìrẹ̀lẹ̀ ni òun náà. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọsibítù, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Nígbà tí àwọn àna dé, Sànúsí ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti Sàrátù lọ, kí ojú òun má rí ìkankan. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ṣáá ni. Ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n.

Kò pẹ́, Wúràọlá tún dé.

“Ẹ má bínú, Bọ̀dá Sànúsí. Ó tún ti tú.”

“Kí ni ìbínú ibẹ̀? Iṣẹ́ wa nìyẹn.”

Ó tún un ṣe. Obìnrin náà tún padà wá, ó tún padà wá. Rùfáì tó ń lẹ táyà nítòsí kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Sànúsí, ṣé irin ni ara rẹ̀ kò yá ni, àbí ẹni tó ni irin?”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, jàre.”

Ṣùgbọ́n Sànúsí náà ti rí nǹkan. Ọ̀nà tó kún fún kòtò lè mi nọ́ọ̀tì títí yóò fi dẹ̀. Kò lè tú u tán, kó tún wá tì í lọ sí ìkángun kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, níbi tí òun ti máa ń bá a. Ọwọ́ ènìyàn ni. Inú rẹ̀ dùn débi tí ojú ara rẹ̀ fi tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ kó tó wá síbi iṣẹ́.

Ọmọbìnrin kan máa ń bá Wúràọlá wá, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ẹ̀yìn mọ́tò, lẹ́bàá fèrèsé yẹn gan-an, ni ó máa ń jókòó sí. Sànúsí kì í wo ọmọdé. Kò bèèrè orúkọ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà na àgbálùmọ̀ kan sí i.

“Ẹ gbà, sà.”

“O ṣeun.”

“Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá gbé?”

“Èmi nìkan ni,” Sànúsí dáhùn, Wúràọlá ni ó ń wò. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ju àgbálùmọ̀ náà sí Rùfáì.

Nígbà tó yá, ó sú u kí obìnrin yìí máa fi irin bojú. Ó rò ó pé bí kò bá sí ohun tó bàjẹ́ mọ́, tí Wúràọlá bá ṣì wá, á jẹ́ pé òun ni ó wá wò, òun yóò sì lè la ẹnu sọ tọkàn òun. Bí wọ́n ṣe tún dé, ó yọ rọ́bà àti gíláàsì, ó tan iná, ó jó nọ́ọ̀tì náà mọ́ férémù. Ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó dúró, ó ń wò ó.

“Ṣé kò ní í tú mọ́?”

“Kò ní í tú mọ́ láéláé,” ni Sànúsí wí, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí Wúràọlá.

Ọmọ náà padà sínú mọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ó jókòó sí.

Sànúsí dúró títí. Ọjà ná, ọjà tú, kò rí wọn. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mọ́tò tó bá ti gba ọ̀nà Ìrẹ̀lẹ̀ wọlé, yóò ti na ọrùn. Rùfáì pàápàá dẹ́kun yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ra aṣọ kan, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀.

Wúràọlá ń sá èkùrọ́ níwájú ilé, ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe rí Sànúsí, ó dìde, ó wọlé, kò kí i. Sànúsí kò kà á sí. Ó gbé aṣọ kalẹ̀, ó ní ó wu òun kí àwọn fẹ́ ara àwọn, pé láti ìgbà tí Sàrátù ti kú, ọkàn òun kò tíì fà sí ẹlòmíràn.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń tú nọ́ọ̀tì yẹn,” ni ó wí. “Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Kí ló dé tí ẹ kò wá mọ́?”

Omi lé ròrò sójú Wúràọlá.

“Ọwọ́ mi kò kan nọ́ọ̀tì yẹn rí, Bọ̀dá Sànúsí. Mo kàn ń rò pé lọ́jọ́ kan ẹ óò wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ dá a mọ̀ fúnra yín.”

“Ojú ta ni?”

“Ojú Sàídátù tí mo gbà tọ́,” ni Wúràọlá wí, “ọmọ tí Sàrátù bí kó tó kú, tí ẹ ní kí wọ́n gbé kúrò lójú yín, òun ni ó ń tú u kí ó lè máa rí bàbá rẹ̀, nígbà tí ẹ sì jó nọ́ọ̀tì mọ́ férémù lójú rẹ̀, ó sọ fún mi pé ẹ ti dá òun mọ̀, pé ẹ kò fẹ́ kí òun wá mọ́.”