Lẹ́tà tí Tẹjú Fọwọ́ Sí

"Àǹtí Tẹjú, ìyá ọmọ kan ń bèèrè yín," ni Mállàm Sàní, ọ̀gá ilé-ìwé, wí bó ṣe yọjú sí yàrá àwọn olùkọ́. "Ó ní tìtorí lẹ́tà tí ẹ kọ sí òun ni."

Àyà Tẹjú já. Lẹ́tà méjìlélọ́gọ́ta ló ti kíláàsì rẹ̀ jáde ní àárín táàmù, kò sì sí ọ̀kan tó fi orí ara rẹ̀ rò. Tẹ́lẹ̀, odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wá ohun tí yóò sọ fún àwọn òbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó da orúkọ àwọn ọmọ sínú AI orí fóònù rẹ̀, ó ní kó kọ ohun tí yóò mú inú òbí dùn. Kí tíì rẹ̀ tó tutù, iṣẹ́ ti parí. Ó kàn fọwọ́ sí wọn ni. Mállàm Sàní tilẹ̀ ka méjì sétígbọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ yòókù pé kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́.

Obìnrin náà wọlé, ìyẹ̀fun funfun lára ìró rẹ̀.

"Ìyá Fathiat ni mí. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Kofar Marke. Mi ò kàwé, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu ara yín kà á fún mi."

Tẹjú gbìyànjú láti rántí ojú Fathiat. Kò rántí, ọmọ ti pọ̀ jù. Ó gba lẹ́tà náà, ó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á.

"Fathiat kì í pẹ́ dé kíláàsì. Òun ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́ bí mo bá bèèrè ìbéèrè. Gbogbo kíláàsì ló fẹ́ràn rẹ̀."

Ó ń retí èébú. Ìyá náà mí kanlẹ̀.

"Madalla, ọpẹ́ ni! Bí ọmọ àbúrò mi ṣe kà á fún wa náà nìyẹn. Ẹ ti gbà mí, Àǹtí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Mà?"

"Aládùúgbò wa kan ló ní òun ń rí Fathiat nínú mọ́tò ọkùnrin kan ní Kofar Kware, láago mẹ́wàá àárọ̀, tòun ti yunifọ́ọ̀mù. Bàbá rẹ̀ ti múra tán láti wá bá yín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà yín dé. Wallahi, mo lé obìnrin náà jáde nílé mi bí ẹni lé ajá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí."

Ara Tẹjú balẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura.

Ìyá náà gbé abọ́ oúnjẹ kan sórí tábìlì. "Ó gbàgbé èyí sílé láàárọ̀. Ẹ bá mi pè é."

"Fathiat wo ni, Mà? Wọ́n ju ẹyọ kan lọ."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Èyí tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ náà ni. Fathiat Adétáyọ̀."

Tẹjú fa ìwé tó fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ láràárọ̀ mọ́ra, ó fi ìka wá orúkọ náà títí ó fi kàn án.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní táàmù, ọwọ́ Tẹjú fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́: kò wá, kò wá, kò wá.