Lẹ́ńsì Tí Treloar Kò Wọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìtàn dé ìdajì, ẹ dákun, ẹ ka èyí dé òpin nítorí ojú yín méjèèjì.

1.
Callum Treloar ń ṣe ẹ̀rọ lésà alágbára ní ìlú Adelaide. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í hàn sójú, bẹ́ẹ̀ ó lè dá irin lu. Inú òkúta dídán kan ló ti ń jáde. Bí agbára bá pọ̀, òkúta á gbóná, ooru á sì sọ ọ́ di lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu agbára sí i díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì wọn lẹ́ńsì náà kí wọ́n tó tún bu òmíràn.

Treloar wọn díẹ̀ nígbà tí agbára ṣì kéré, ó kọ ọ́ sórí bébà. Ó fi rúlà fa ìlà tààrà láti ibẹ̀ dé ibi tí agbára ti pọ̀ jù, ó ló tó.

"Callum, ooru kì í tẹ̀lé rúlà o," Merryn Kleinig tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí. "Wọ̀n ọ́n."

"Ìyá àgbà! Àlejò ń bọ̀ láti Jámánì lọ́la, o ní kí n máa wọn nǹkan. Lọ mu tíì rẹ, jàre."

Inú bí Merryn, ó bá tirẹ̀ lọ.

2.
Treloar gbé agbára dé òkè pátápátá. Lẹ́ńsì náà lágbára ju bí ìlà rẹ̀ ti sọ lọ fíìfíì. Ìmọ́lẹ̀ kóra jọ sórí dígí kan nínú ẹ̀rọ náà, dígí sán pàà!

Kò pa iná lésà náà. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un, ó sáré ṣí awò tó fi ń dáàbò bo ojú, kó lè rí ibi tó bàjẹ́. Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí kì í hàn náà ti ta lára dígí tó fọ́ wọ ẹyinjú ọ̀tún rẹ̀. Ó mà ṣe o!

3.
Ojú òsì rẹ̀ kò dára láti kékeré. Ọ̀tún yìí nìkan ló gbójú lé, dókítà sì ní àárín rẹ̀ ti jó, kò sí oògùn.

Nígbà tó padà sílé, Tegan, ọmọ rẹ̀, sáré wọlé bá a. "Dádì, wò ó, eyín mi yọ!"

Ó kọjú sí i. Ó rí irun ọmọ náà, ó rí etí. Níbi tí ojú ọmọ náà yẹ kó wà, dúdú ni.

"Rẹ́rìn-ín kí n rí i, ọmọ mi."

"Dádì, mo ń rẹ́rìn-ín."

Treloar bú sẹ́kún. Títí dòní, kò tíì rí ẹ̀rín náà, kò sì ní rí i mọ́.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ẹ kò bá tíì wọ̀n, ẹ má sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ pa iná, kí ẹ tó ronú ìtìjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.