Yàrá Tó Súnmọ́ Ẹ́ńjìnnì

"Màámi, ẹ má dójú tì mí o!" Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin na ìka sí àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ sórí tábìlì. "Tẹbí-tará la jọ ń lọ ṣe fàájì yìí. Yàrá tó ní fèrèsé ńlá rèé. Ẹ ó kàn lajú, òkun rèé!"

"Òkun ò ní sá lọ. Tí mo bá fẹ́ rí i, màá gòkè lọ wò ó."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Yàrá ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ ńkọ́, Màámi?"

"Ṣé kí n lọ ṣe fàájì ni, àbí kí n lọ tọ́jú ọmọ?" Ìyá tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó wá tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pátápátá. "Èyí ńkọ́?"

Akọ̀wé mi orí. "Kò ní fèrèsé, mà. Orí ẹ́ńjìnnì gan-an ló wà. Ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sùn."

"Ṣé kì í dákẹ́ rárá?"

"Títí ilẹ̀ á fi mọ́, mà."

"Ẹ kọ orúkọ mi sí i."

Ọmọ rẹ̀ fò dìde. "Háà! Kí wọ́n lè ní mo fi ìyá mi sísàlẹ̀ ọkọ̀ bí ẹrù? Ta ló ń sùn nínú ariwo?"

Ìyá ti mú bírò lọ́wọ́ akọ̀wé.

"Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún bàbá rẹ pé kó yé hanrun," ó ní. "Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mi ò tíì sun oorun gidi kan."